Bọ́ọ̀lù Tí Kì í Wá sí Igun Òsì

Tábìlì kan wà ní Erunmu, lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ṣe ọ̀gá àgbà kí n tó fẹ̀yìntì. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà, sìmẹ́ǹtì la sì fi ṣe é. Èmi àti Làmídì, olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, la jọ po sìmẹ́ǹtì náà. Òun ló fi pákó na ojú rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. A kò ní àwọ̀n tí wọ́n máa ń ta sí àárín, nítorí náà a gbé pákó gígùn kan dábùú rẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní tẹ́níìsì orí tábìlì kò ṣì í pè, ṣùgbọ́n ní Erunmu, "tábìlì" lásán là ń pe eré náà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń bọ̀ ní tábìlì ní ìrọ̀lẹ́?" Bí Làmídì ṣe máa ń bi mí nìyẹn. Bí òjò kò bá ti rọ̀, mo máa ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo máa ń wá lọ síbẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Bí wọ́n bá ń kọ ebè, tí ọkọ́ bá ti wọ̀ wọ́n lọ́wọ́, a lè pè wọ́n títí pé kí wọ́n wá jẹun, wọn kò ní gbọ́. Etí wọn kò di. Iṣẹ́ náà ló ti gbé wọn lọ. Bí wọ́n bá wá gbé ojú sókè níkẹyìn, wọ́n á máa wo ebè tó wà lẹ́yìn wọn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Ohun tó ń ṣe bàbá mi nídìí ebè ló ń ṣe mí nídìí tábìlì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti lọ tó ti bọ̀ díẹ̀, n kò ní rántí mọ́ pé orúnkún ń dùn mí. N kò ní gbọ́ ariwo àwọn ọmọ. Ọwọ́ mi á ti dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ọkàn mi tó mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ á ṣú, n kò ní mọ̀. Lẹ́yìn tí ìyá àwọn ọmọ mi di olóògbé, ibẹ̀ nìkan ni mo ti máa ń gbàgbé pé ilé mi ti ṣófo.

Mo fi í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú. Lórí ìlà ní àárọ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé ìyìn kọ́ ló ń mú ènìyàn mọ nǹkan ṣe, ẹ̀gba kọ́, ẹ̀bùn kọ́. Adùn tó wà nínú nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó lè fún ọ ní adùn yẹn. Ìwọ ni wàá fi ìdánrawò wá a rí. "Ẹ wò mí," ni mo máa ń wí. Wọ́n á sì wò mí. Ife ìdíje ìparí ọdún ti pẹ́ lọ́wọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e fún mi pátápátá lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìntì.

Nígbà tí Adéwálé ọmọ mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo fi agbádá wé ife náà kó má baà tẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ tú jáde nígbà tí mo débẹ̀. Adéwálé gbé e sórí pẹpẹ ìwé nínú pálọ̀, ó sì dúró wò ó díẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni.

*

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Òtútù, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi títí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé ilé lè dákẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ọmọ mi á ti lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ náà á ti lọ. N ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, n ó máa retí kí ẹnìkan kígbe pe ẹnìkejì rẹ̀ ní òpópónà. Ní Erunmu, ènìyàn kò lè jókòó sí iwájú ilé kó má dáhùn ìkíni títí ẹnu á fi rẹ̀ ẹ́. Níhìn-ín, mo kí ọkùnrin kan níbùdókọ̀, mo bi í léèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo ti ṣìnà ni.

Nígbà tí ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi pé, mo rí iṣẹ́ kan. Iwájú ilé-ìwé kan ni mo máa ń dúró sí ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán, pẹ̀lú ẹ̀wù tó ń tàn yanran àti ọ̀pá gígùn tó ní pátákó róbótó lórí. Bí mo bá ti gbé ọ̀pá náà dúró sí àárín títì, ọkọ̀ gbogbo á dúró, àwọn ọmọdé á sì kọjá. Èmi tí ìró agogo mi máa ń mú kí odindi ilé-ìwé dúró gbagidi, ọkọ̀ ni mo wá ń dá dúró. Mo sọ ọ́ fún Làmídì lórí fóònù.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n ti di yẹ́lò fífà!" ó ní. Orúkọ tí a máa ń pe àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní ìkòríta nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ kankan fún yín ní ohunkóhun o."

"Kò sí irú ìyẹn níbí, Làmídì."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Tábìlì ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń nà wọ́n?"

Mo ní n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gbá a. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu jù, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ sinmi. Ẹ ti gbá tó." Mo rò pé ìtọ́jú mi ló ń rò.

*

Adéwálé ló rí ibẹ̀ fún mi. Gbọ̀ngàn ìjọ kan ni, tí àwọn àgbàlagbà ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ fún wọn pé aṣẹ́gun ni bàbá òun nílé. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Wọ́n fi mí sí iwájú obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí irun orí rẹ̀ funfun báláú. Mo rí i pé ó dàgbà jù mí lọ. Mo tẹ orí ba, mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Mà."

"Bẹ́tì lorúkọ mi. Pè mí ní Bẹ́tì."

"N kò lè pe àgbàlagbà ní orúkọ, Mà."

"Ta ni àgbàlagbà? Gbá bọ́ọ̀lù."

A bẹ̀rẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín, mo rántí ẹ̀kọ́ ilé, mo sì ń rọra gbé bọ́ọ̀lù náà sí i lọ́wọ́. Ó jẹ ayò kan, ó jẹ òmíràn. Lẹ́yìn náà ó di bọ́ọ̀lù náà mú, ó fi báàtì rẹ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe, Mà?"

"Ò ń fún mi ní ayò. Mo wọ bọ́ọ̀sì méjì wá síbí nínú òjò. Tó o bá tún dán an wò, n ó bá ẹlòmíràn gbá."

Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì gbá bọ́ọ̀lù bí mo ṣe mọ̀ ọ́n gbá. Ẹ̀yin ará mi, obìnrin náà nà mí bí ẹni na aṣọ sórí okùn. Igun òsì tábìlì ló ń ju gbogbo rẹ̀ sí. Mo máa ń rí bọ́ọ̀lù náà bó ṣe ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò ní gbéra. Mo bínú sí ẹsẹ̀ náà. Mo pàṣẹ fún un bí mo ṣe ń pàṣẹ fún ọmọ ilé-ìwé. Kò gbọ́.

Nígbà tó parí, Bẹ́tì kò yọ̀ mí. Ńṣe ló ń wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn.

"Ta lò ń bá gbá nílé?"

"Ọ̀rẹ́ mi. Ojoojúmọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún."

"Ọwọ́ rẹ dára," ó ní. "Ọwọ́ ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù pẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ kò mọ ọ̀nà igun yìí rárá. Kò sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sí ọ níbẹ̀ rí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò. "Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ràn rẹ gan-an ni."

*

Oúnjẹ alẹ́ wà níwájú wa nígbà tí mo bi Adéwálé.

"Nígbà tí o wà ní kékeré, tí èmi àti ìwọ bá ń gbá tábìlì, ǹjẹ́ o máa ń gbá a sí igun òsì mi?"

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ dúró. "Dádì, ẹ jẹun kó má tutù."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè."

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó ní òun fẹ́ lọ bu omi. Omi wà lórí tábìlì.

"Gbogbo wa la mọ̀, Dádì," ọmọ mi ní.

"Ta ni gbogbo wa?"

"Gbogbo ilé-ìwé. Àwọn tíṣà. Ìyá Rámọ́tù tó ń ta àkàrà níwájú géètì gan-an mọ̀. Tíṣà Làmídì ló kọ́ wa. Wọ́n ní ẹni tó bá máa bá Ọ̀gá gbá, kó yẹra fún igun òsì. Ọmọ tó bá ṣèèṣì gbá a síbẹ̀, wọ́n á fà á létí lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ."

"Kí ló dé tí o wá mú mi lọ sáàárín àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn?"

Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo rò pé àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Mo rò pé àwọn náà á máa rọra gbá a fún yín."

Mo wo ife tó wà lórí pẹpẹ ìwé. Oúnjẹ náà tutù.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ìdàlẹ̀ tí èyí jẹ́. Kò sí ẹni tó jí nǹkan mi. Kò sí ẹni tó gba ilẹ̀ mi tàbí tó sọ̀rọ̀ mi láìdáa lẹ́yìn. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, n bá mọ ibi tí n ó gbé ẹjọ́ náà lọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, odindi ìlú ló sì fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Èmi ni mo wà lẹ́yìn, tí mo ń yangàn pé ẹsẹ̀ mi yá nílẹ̀. "Ẹ wò mí," mo wí fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀. Wọ́n ń wò mí lóòótọ́.

Ṣé adùn náà wá jẹ́ irọ́? Ìbéèrè tó gbà mí lọ́kàn nìyẹn, lórí títì pẹ̀lú ọ̀pá mi, láàárín àwọn ọmọ tí n kò mọ orúkọ wọn. Mo lè fara da kí ayò jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn tí mo gbàgbé ara mi, tí mo gbàgbé ikú ìyàwó mi, bí a bá yọ wọ́n kúrò nínú ìgbésí ayé mi, kí ló kù?

*

Mo pe Làmídì.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kú ọ̀sán o, tàbí àárọ̀ ni lọ́dọ̀ yín?"

"Làmídì, kí ló dé tí o kì í gbá bọ́ọ̀lù sí igun òsì mi?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní òyìnbó ti ń kó ọ̀rọ̀ sí mi lórí. Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a ṣe tábìlì náà tán, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá wa? Mo nà yín lójú àwọn ọmọ. Igun yẹn ni mo fi nà yín. Àwọn olùkọ́ àgbà pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní ṣé n kò ní ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n ní bí ọ̀gá bá ń ṣubú káàkiri nídìí tábìlì, ọmọ wo ló máa bẹ̀rù rẹ̀ ní kíláàsì? Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Nígbà tó yá, ó ti mọ́ mi lára."

"Ó yẹ kí o sọ fún mi."

"Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́? 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò mọ̀ ọ́n gbá'? Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́?"

Ohùn rẹ̀ wá yí padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bínú.

"Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn ni? Kí n gbé bọ́ọ̀lù síbi tí ọwọ́ yín máa tó, kó sì le díẹ̀ kí ẹ má baà fura. Kí n pàdánù lónìí, kí n jẹ díẹ̀ lọ́la. Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù náà títí n kò fi ní gbọ́ ìpè ìrun. Aláásárì á kọjá lórí mi, èmi Làmídì, ọmọ lèmọ́mù! Ọlọ́run ló mọ bí ó ti dùn mọ́ mi tó."

Mo pa fóònù. Kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ìbànújẹ́ ló bá mi; lẹ́yìn rẹ̀, owú ló jẹ mí. Ohun tí mo ń wá lọ sí tábìlì, òun ló rí i gbà. Eré tó le tó agbára rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú àwa méjèèjì, òun nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù.

*

Mo padà sọ́dọ̀ Bẹ́tì. Mo kọ́ láti pe orúkọ rẹ̀, ó dà bí ẹni pé mo ń bú ènìyàn. Ó kọ́ ẹsẹ̀ mi láti gbéra. Mo pàdánù, mo tún pàdánù. Lẹ́nu iṣẹ́, n ó máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pá mi bí ẹni tó ń jó, àwọn ọmọdé sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀lù lọ sí igun náà, mo sì bá a níbẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Bẹ́tì dá a padà, mo tún bá a. Etí mi dákẹ́. Gbọ̀ngàn náà sọ nù, òtútù sọ nù. Ó jọ adùn tí mo mọ̀ nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú eléyìí, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gun ọ̀pẹ tó sì mọ̀ pé òun lè já bọ́. Mo pàdánù níkẹyìn. Bẹ́tì gbá mi ní báàtì lápá, ó ní, "Ìyẹn dáa." Mo wọ bọ́ọ̀sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ pè láti sọ fún ni Làmídì. N kò pè é.

*

Mo lọ sílé nígbà Kérésìmesì, nínú ọyẹ́. Mo mú àwọ̀n gidi dání fún tábìlì wa. Làmídì pàdé mi nínú ọgbà ilé-ìwé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo gbé e dìde, a sì dì mọ́ra. A kò sọ ohunkóhun nípa fóònù. A ta àwọ̀n náà. Àwọn ènìyàn ti ń péjọ. Ìyá Rámọ́tù fi àkàrà rẹ̀ sílẹ̀ nínú epo fún ọmọ rẹ̀, ó wá dúró sí iwájú.

Mo tẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí: "Ìgbà kan péré. Gbá a fún mi lóòótọ́. Mo bẹ̀ ọ́."

Kò tètè ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń gbé gbogbo rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, mo sì jẹ́ kí àwọn bọ́ọ̀lù náà kọjá láìfọwọ́ kàn wọ́n, títí ó fi yé e pé n kò ní gbà wọ́n. Nígbà náà ló gbá ọ̀kan sí òsì. Mo dá a padà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ là. Ó gbá òmíràn, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo tún dá a padà. Háà, ọ̀rẹ́ mi mọ̀ ọ́n gbá! Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, n kò tún rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Eruku ń bo ẹsẹ̀ wa, àwọn ènìyàn ń kígbe, n kò sì gbọ́ wọn. Òun náà kò gbọ́ wọn. Fún ìgbà díẹ̀, àwa méjèèjì jọ wà níbẹ̀.

A wá dọ́gba. Ẹni tó bá jẹ èyí tó kàn ló ni í. Bọ́ọ̀lù lọ, ó bọ̀, lẹ́yìn náà ló gòkè wá rọra, sí ọwọ́ ọ̀tún mi, bí àkàrà tí wọ́n gbé síwájú àlejò. Tẹ́lẹ̀, n bá fi ìdùnnú gbá a mọ́lẹ̀, kí gbogbo wọn hó yèè. Mo fi ọwọ́ mú un lójú òfuurufú.

"Tún un gbá."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń wò wá."

"Wọ́n ti ń wò wá ọjọ́ pẹ́. Gbá a."

Ó wò mí. Ó gba bọ́ọ̀lù náà. Nígbà tó bọ̀, igun òsì gangan ló bọ̀ sí, kò sí àánú nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gbéra, mo na ọwọ́, etí báàtì mi kàn án. Ó já sínú iyanrìn.

Mo rí ojú Làmídì: ẹ̀rín kan là níbẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù tó dára jù ní ayé rẹ̀. Mo ti la ẹnu láti kí i.

"Làmídì!" Ìyá Rámọ́tù ni. "Ṣé kò tì ọ́ lójú? Ẹni tó ti òkè òkun bọ̀ wá kí ọ!"

"Àgbàlagbà ni wọ́n o!" ẹlòmíràn ní.

"Ó ti ń dúró kí wọ́n fẹ̀yìntì ni. Ọ̀dàlẹ̀!"

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó fi báàtì lélẹ̀, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Dìde, Làmídì. Ìwọ lo jẹ ẹ́. Ó dára, dìde."

Kò dìde. Àwọn ènìyàn ń wò ó, wọ́n ń mi orí pé ó kúkú mọ ẹ̀bi rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, tí wọ́n rò pé mo ti dárí jì í, ni wọ́n tó pàtẹ́wọ́, èmi ni wọ́n sì pa á fún.

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé ìpadàbọ̀ mi sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bẹ́tì nà mí. Kò bẹ̀ mí. Ó kó báàtì rẹ̀ sínú àpò, ó ní ó dìgbà, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo ká àwọ̀n kúrò lórí tábìlì. Mo sì dúró síbẹ̀ díẹ̀, mo ń tẹ́tí bóyá ẹnìkan máa pè mí ní Ẹ̀gbọ́n.